Ta Ni Yóò San Owó Ibi Ìgbọ́kọ̀sí?

 

Ogójì ọdún ni mo fi wọn ilẹ̀. Mo ti wọn ilẹ̀ ẹbí, mo ti wọn ilẹ̀ ìjọba, mo sì ti bá yunifásítì wọn ilẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mo ṣe, kò sí èyí tí àwọn ènìyàn ń fojú kéré tó ibi ìgbọ́kọ̀sí. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́rin, gbogbo àdúgbò á jáde wá wò ó. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ tẹ́ ilẹ̀ lásán, kí àwọn da ọ̀dà sí i kí ọkọ̀ lè dúró níbẹ̀, a ó ní kò burú, ṣebí kò ga, kò sì ní fèrèsé tí yóò máa wo inú àgbàlá ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé ilẹ̀ tí a fi gbé ọkọ̀ sí kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Ẹnìkan ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń san án kò ní ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kan, yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ pè mí pé kí n wá wọn ilẹ̀ kan fún àwọn, níbi tí ọgbà wọn ti fara kan ilé àwọn ènìyàn. Ilẹ̀ koríko ni, àwọn obìnrin ń gbin ilá àti ewédú sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìròyìn ti tàn ká pé wọ́n fẹ́ kọ́ gáréèjì síbẹ̀. Ẹ mọ ohun tí gáréèjì jẹ́ létí wa: agbèrò, paraga, ariwo "ó ku ẹnìkan", ìjà láàárọ̀, ìjà nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ mi débẹ̀, àwọn obìnrin bí ogún ti dúró dè mí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe gáréèjì, pé ibi tí àwọn olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ yóò máa gbé ọkọ̀ sí láàárọ̀, tí wọn yóò sì gbé e kúrò nírọ̀lẹ́, ni. Ọkàn wọn balẹ̀ díẹ̀. Ìyá àgbà kan tó gbé igbá ilá lọ́wọ́ ló wá bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ó ní, "Ọmọ mi, mo ti gbọ́. Omi ńkọ́?"

Mo wo àwòrán tó wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ 380 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti fi ìlà pín ipò wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ní ti omi, ọfà kékeré kan ni wọ́n yà, ẹnu ọfà náà sì kọjú sí ọgbà. Lẹ́yìn ọgbà, bébà funfun ni. Orí bébà funfun yẹn ni ilé ìyá náà wà.

N kò rí èsì fún un. Mo wọn ilẹ̀ náà parí, mo sì gba owó iṣẹ́ mi. N ó padà sórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí a ṣe dé ibi tí a wà. Nígbà tí wọ́n dá University College Ibadan sílẹ̀ ní 1948, Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé ìwòsàn tí àwọn ológun fi sílẹ̀. Ní 1952 ni wọ́n kó lọ sí ibi tó wà títí dòní. Tọkọtaya ayàwòrán-ilé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló ya àwòrán rẹ̀. Bí ẹ bá wo iṣẹ́ wọn dáadáa, ẹ ó rí i pé ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ń rò. Gbọ̀ngàn ibùgbé wà nítòsí ilé ìkàwé, ilé ìkàwé wà nítòsí kíláàsì, afẹ́fẹ́ ń gba àárín ilé kọjá. Akẹ́kọ̀ọ́ á jí ní gbọ̀ngàn Mellanby tàbí ti Tedder, á fẹsẹ̀ rìn débi ẹ̀kọ́. Ọkọ̀ tó ń wọlé nígbà náà, ènìyàn lè kà á lórí ìka.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ń pọ̀ sí i, ibùsùn kò sì pọ̀ tó wọn. Wọ́n sọdá títì ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Agbowó, wọ́n gba yàrá nínú ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-àfẹ́ẹ̀sì-yú. Agbowó kún, wọ́n lọ sí Orógùn, wọ́n lọ sí Ajíbọ́dẹ. Báyìí ni àdúgbò di gbọ̀ngàn ibùgbé yunifásítì láìsí pé ẹnikẹ́ni yà á sórí ìwé. Àwọn olùkọ́ náà kúrò nínú ilé tí ọgbà fún wọn, wọ́n kọ́lé sí ọ̀nà jíjìn, wọ́n ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan, ìyàwó ra òmíràn. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Ìbàdàn ló rí ní Akọkà, níbi tí Yunifásítì Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962, wà, tí Abúlé-Ọjà, Onike, Ìwáyà àti Bàrígà yí i ká, tí kòrópe sì ń jà du ojú ọ̀nà pẹ̀lú ọkọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó ṣe àìdáa nínú gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n ọgbà tí wọ́n yà fún ẹsẹ̀ ni a ń fi agbára tẹ̀ kó lè gba táyà, ibi tí a sì ń rí láti gbà wọ́n sí ni etí ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn ẹlòmíràn, nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀ ṣẹ́kù sí.

Ó yẹ kí a wọn ilẹ̀ náà báyìí, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọkọ̀ kan ń fẹ́ ipò tó fẹ̀ ní mítà 2.5, tó sì gùn ní mítà 5. Ìyẹn jẹ́ mítà 12.5 níbùú-lóòró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í fò wọ ipò rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò gbà wọlé, ibi tí yóò ti yí, ibi tí yóò ti fàbọ̀ sẹ́yìn. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọkọ̀ kan ń gba nǹkan bí mítà 25 níbùú-lóòró. Nítorí náà, ọkọ̀ 400 ń gba hẹ́kítà kan. Hẹ́kítà kan jẹ́ pulọ́ọ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 bí a ṣe ń tà á ní ìgboro wa. Ẹ ro ìdílé tó lè gbé lórí pulọ́ọ̀tì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ ro iye yàrá akẹ́kọ̀ọ́ tí a lè kọ́ síbẹ̀, kí wọ́n má baà máa ti Apẹ̀tẹ́ bọ̀ ní òròòwúrọ̀. A fi gbogbo ilẹ̀ yẹn fún irin tó dúró láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin, tí ilẹ̀ náà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí níye lórí, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì ń lò ó bí ohun iyebíye. Ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ẹni tó bá gba ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n ń ya ipò ìgbọ́kọ̀sí sọ́tọ̀ fún, wọ́n á kọ NL sí i. Ní tiwa, lọ́pọ̀ ibi, ẹnikẹ́ni ló ń gbé ọkọ̀ síbikíbi láìsan kọ́bọ̀, ó sì ń yà wá lẹ́nu pé ibẹ̀ kì í tó.

N ó padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà yẹn báyìí.

Ọdún kejì lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́ náà ni mo lọ wò ó, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n ti lu ihò sí ìsàlẹ̀ ọgbà kí omi lè jáde, ihò náà fẹ̀ tó bíríkì mẹ́ta. Níbi tí omi ti ń já bọ́ láti inú ihò yẹn, ó ti gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá rẹ̀ di kòtò tó mù mí dé orúnkún. Ìpìlẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀ ti yọ síta, ògiri ti sán láti orí dé ìdí. Ó fa omi kànga sókè kí n wò ó. Ohun kan bí àwọ̀ òṣùmàrè léfòó lójú omi inú korobá náà, ó sì ń rùn. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ń jò sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ 380 ni òjò fọ̀ wá bá a. Látìgbà náà, omi inú kẹ́ẹ̀gì ló ń rà fi se oúnjẹ. Ìyá yìí kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀.

Kí ló fà á tí ilẹ̀ kan náà, tí òjò ti ń rọ̀ sí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ṣe wá di ọ̀tá ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀? Ilẹ̀ koríko a máa mu omi. Gbòǹgbò ń fa omi wọlẹ̀, ihò ìjàlọ àti ti ekòló ń gbà á, èyí tó kù á rọra ṣàn. Bí katapílà bá ti gé koríko yẹn, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀lẹ̀ sì lọ lórí rẹ̀ títí ó fi le koránkorán, tí a wá da ọ̀dà lé e, kò sí ibi tí omi lè bá wọlẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni yóò ṣàn, lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára. Ẹ jẹ́ ká fi tanka omi ṣe òṣùwọ̀n, irú èyí tó ń gbé lítà 10,000. Òjò tó bá ga ní mìlímítà 50, tí kì í ṣe ohun àrà ní Ìbàdàn, bí ó bá rọ̀ sórí hẹ́kítà kan, lítà 500,000 ni. Tanka àádọ́ta nìyẹn. Ẹ fojú inú wo tanka àádọ́ta tó tò sẹ́yìn ọgbà, tí gbogbo wọn ṣí ẹnu sí àgbàlá obìnrin kan ṣoṣo láàárín wákàtí kan.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa la èyí yé ọmọ Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó sì gbé ènìyàn tó lé ní igba lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, òjò tó ga ní mìlímítà 187.5 rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Afárá Apẹ̀tẹ́ wó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lódìkejì odò kò rí ọ̀nà gbà, ẹni tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú nínú ìlú. Yunifásítì Ìbàdàn pàápàá kò bọ́ níbẹ̀, omi wọ inú ọgbà wọn, ó sì gbá oko ẹja wọn lọ. N kò sọ pé ibi ìgbọ́kọ̀sí kan ló fa ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan tí a bò mọ́lẹ̀ láìṣètò omi rẹ̀, lórí òjò ọjọ́ yẹn, ì bá fi tanka 187 kún ohun tó ń ṣàn lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Kò ní béèrè pé inú ọgbà yunifásítì ni òun ti wá tàbí orí òrùlé Agbowó.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé àtúnṣe rẹ̀ kò wọ́n. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ kan tó gùn ní mítà 25, tó fẹ̀ ní mítà 20, tó sì jìn ní mítà kan, tí a gbin koríko sínú rẹ̀, tí a ṣe ẹnu tóóró kan sí i kí omi máa rọra jáde, ó lè gba lítà 500,000 yẹn láìṣẹ́kù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ọmọ lè máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ilẹ̀ tí yóò gbà kò tó pulọ́ọ̀tì kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pulọ́ọ̀tì kan! Ipò ọkọ̀ ogún péré ni yunifásítì yẹn ì bá fi sílẹ̀, ìyá àgbà yẹn ì bá sì máa pọn omi kànga rẹ̀ mu.

Omi nìkan kọ́. Iná òpó gíga tí wọ́n kọ ojú rẹ̀ síta ń tàn wọ yàrá àwọn ọmọdé mọ́jú. Ọkọ̀ tí ẹnìkan fi sílẹ̀ síbẹ̀ mọ́jú, bí ológbò bá fò lé e lórí, á bẹ̀rẹ̀ sí í han ní aago méjì òru, ẹni tó ni í sì wà nílé rẹ̀ ní Akóbọ̀ tó ń sùn. Lọ́sàn-án, ọ̀dà dúdú ń gba oòrùn sára, ó sì ń tú ooru rẹ̀ jáde títí di alẹ́, tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà lẹ́yìn ọgbà kò lè sùn láìsí fáànù, iná mànàmáná kò sì sí lọ́dọ̀ wọn. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kò ṣòro láti ṣe àtúnṣe sí: kí a dojú iná kọlẹ̀, kí a gbin dòńgóyárò láàárín ọkọ̀ àti ọgbà, kí ẹnu ọ̀nà ní àsìkò tí a ó máa tì í.

Ti ojú ọ̀nà le jù. Níbo ni ọkọ̀ 400 yóò gbà wọlé? Bí ẹnu ọ̀nà ibi ìgbọ́kọ̀sí bá kọjú sí òpópónà àdúgbò, ọkọ̀ 400 yóò gba iwájú ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọjá láàárín aago méje àbọ̀ sí mẹ́jọ àbọ̀, ní wákàtí kan náà tí àwọn ọmọ ń sọdá. Ìyẹn jẹ́ ọkọ̀ kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́sàn-án. Ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè sọdá nínú ìyẹn, kódà bí wọ́n bá dì í lọ́wọ́ mú. N kò rí ìdí kankan tí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ yunifásítì kò fi ní wà nínú ọgbà yunifásítì fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà inú ọgbà yóò dí, nígbà náà ni kí wọ́n mọ̀ pé ọkọ̀ wọn ti pọ̀ jù.

Èyí ló mú mi dé ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ṣé a nílò rẹ̀ ni?

Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Shoup, tó kọ́ni ní UCLA ní Los Angeles tó sì kú ní 2025, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ìwé rẹ̀ The High Cost of Free Parking, tó jáde ní 2005, ti yí èrò ọ̀pọ̀ ìlú padà. Ó wo Westwood Village, ìgboro kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì wọn, ó sì ka ọkọ̀ tó ń yípo láti wá ibi tí yóò dúró sí. Nínú ìgboro tí kò ju búlọ́ọ̀kù 15 lọ, ìrìn àyípo yẹn tó máìlì 950,000 lọ́dún kan. Kò sí ẹni tó ń lọ síbì kankan nínú rẹ̀, ipò tí kò wọ́n ni gbogbo wọn ń wá kiri. Ẹ ó ti rí irú rẹ̀ nígboro tiwa: ọkọ̀ á kọjá lẹ́ẹ̀kan, á kọjá lẹ́ẹ̀kejì, á wá gun orí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù ìyá kan, kò tún ní sí ọ̀nà fún oníbàárà.

UCLA kan náà gbìyànjú nǹkan mìíràn ní 2000. Wọ́n bá àwọn oníbọ́ọ̀sì ìlú Santa Monica ṣe àdéhùn, wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ tó bá fi káàdì yunifásítì hàn wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, yunifásítì ni yóò san owó náà. Lọ́dún àkọ́kọ́, iye àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì wá síbẹ̀ fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, iye àwọn tó ń dá wa ọkọ̀ wá sì fi ìdá 20 dín kù. Ọlọ́kọ̀ ni wọ́n ní Los Angeles o. Bí wọ́n bá lè gbé ọkọ̀ sílé, àwa náà lè ṣe é.

Ní tiwa, epo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà fún wa. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, mo mọ olùkọ́ tó ń wọ maikirà lọ síbi iṣẹ́, mo mọ òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó ń pawọ́ pọ̀ gun ọkọ̀ kan. Bí yunifásítì bá gba àkókò yìí fi ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé wọn ní àsìkò, tí kò ní kú sójú ọ̀nà, wọn ò ní padà sínú ọkọ̀ wọn. Owó tí a fẹ́ fi da ọ̀dà sí hẹ́kítà kan, ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìṣirò owó yunifásítì fi wé owó bọ́ọ̀sì kí wọ́n tó buwọ́ lùwé.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tuntun, ẹ kọ́kọ́ ka ọkọ̀ tó wà nínú àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ kà á ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ kà á ní aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, kí ẹ sì ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti ṣe irú kíkà yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkọ̀ gun ara wọn lábẹ́ fèrèsé ọ́fíìsì, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó wà ní ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún sí wọn sì ṣófo dé ìdajì. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ni a fẹ́ tìtorí rẹ̀ ba kànga ènìyàn jẹ́.

N kò sọ pé kí yunifásítì má kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí mọ́ láéláé. Arọ wà, aláìsàn wà, ìyá ọlọ́mọ wà, ẹni tó ń kọ́ni lálẹ́ wà. Bí kíkà náà bá fi hàn pé a nílò rẹ̀, kí a kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí a má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọgbà, kí a fi ilẹ̀ igi sáàárín. Kí a fi intalọ́kì tí koríko lè hù láàárín rẹ̀ tẹ́ ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, kó jẹ́ pé ojú ọ̀nà nìkan ni a da ọ̀dà sí. Bí owó bá wà, kí a fi pánẹ́ẹ̀lì sòlá ṣe òrùlé fún ọkọ̀, bí ilẹ̀ Faransé ti sọ ọ́ di òfin ní 2023 fún ibi ìgbọ́kọ̀sí tó bá ju mítà 1,500 níbùú-lóòró lọ. Yunifásítì tó ń sun dísù ní gbogbo òru mọ ohun tí iná òòrùn lè ṣe fún un. Kí ẹni tó bá sì fẹ́ gbé ọkọ̀ sábẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ san owó fún un, kí owó náà sì wọ inú àpò bọ́ọ̀sì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí wọ́n máa ń pe àdúgbò. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba iṣẹ́ sílẹ̀, tí katapílà ti dé, ni wọ́n máa ń pè wá fún "ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀". A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òfin orílẹ̀-èdè yìí pàápàá sọ ọ́. Láti 1992 ni òfin àyẹ̀wò ipa lórí àyíká ti wà, apá 7 nínú rẹ̀ sì ní kí àwọn ará ìlú àti ẹnikẹ́ni tí ọ̀rọ̀ kàn ní àǹfààní láti sọ tẹnu wọn kí a tó ṣe ìpinnu. Kí a tó ṣe ìpinnu ni wọ́n kọ. Ọdún kan náà ni òfin ètò ìlú àti ìgbèríko jáde, tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nǹkan gba àṣẹ. Yunifásítì ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní òfin wọ̀nyí nínú kíláàsì. Kò yẹ kí ọgbà tirẹ̀ jẹ́ ibi tí òfin náà ti ń dákẹ́.

Bí wọ́n bá sì pe ìpàdé, ta ni wọ́n ń pè? Wọ́n á pe alága ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù, wọ́n á pe baálẹ̀, wọ́n á ní àwọn ti rí àdúgbò. Púpọ̀ nínú àwọn lándílọ́ọ̀dù kì í gbé nínú ilé wọn mọ́, Èkó ni wọ́n wà tàbí London. Ayálégbé ni omi ń bá. Ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ iléèwé tó ń sọdá títì, akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá tó wà lójú ihò ọgbà, àwọn ni kí ẹ wá. Kí ẹ pe ìpàdé náà ní ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti dé láti ibi iṣẹ́, kí ẹ fi Yorùbá sọ ọ́, kí ẹ sì tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀ níbi tí ojú gbogbo ènìyàn yóò ti tó o. Kí àwòrán náà má parí sí ọgbà. Kí a lè rí ilé wa lórí rẹ̀.

Àwa náà ní ẹ̀bi tiwa, n kò sì ní fi pamọ́ nítorí pé mo wà láàárín yín. A ti kọ́lé sí ojú ọ̀nà odò, a ti da ìdọ̀tí sínú gọ́tà tí ì bá gbé omi náà lọ. Àwọn kan nínú wa ti sọ iwájú ilé wọn di ibi ìgbọ́kọ̀sí tí wọ́n ń gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí ẹlẹ́sẹ̀ kò fi rí ibi rìn. Ẹni tó bá ń ṣe èyí kò ní rí ẹnu sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá àgbà yunifásítì. Bí a bá fẹ́ kí ojú títì wa jẹ́ tiwa, ọ̀nà wà fún un. Ní Arlington ní ìpínlẹ̀ Virginia, nígbà tí ọkọ̀ àwọn tó ń ti òkèèrè wá síbi iṣẹ́ kún àdúgbò, ìjọba ìbílẹ̀ wọn ní kí ẹni tó bá ń gbé ibẹ̀ nìkan gba ìwé àṣẹ láti gbé ọkọ̀ sójú títì lọ́sàn-án. Wọ́n pe ẹjọ́ tako òfin náà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà sì dá àdúgbò láre ní 1977. Ìjọba ìbílẹ̀ tiwa lè ṣe irú rẹ̀ bí a bá kọ̀wé, tí a sì tẹ̀lé e.

Ìyá àgbà tó bi mí ní ìbéèrè ti di olóògbé. Ṣáájú kó tó lọ, mo mú awọnlẹ̀ méjì mìíràn dání, a wọn ìdagun ilẹ̀ yẹn láti ibi ìgbọ́kọ̀sí dé àgbàlá rẹ̀ láìgba owó, a yà á sórí bébà kan náà pẹ̀lú ilé rẹ̀ àti ilé mọ́kànlá tó wà nísàlẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbé e tọ yunifásítì lọ. Ó gbà wọ́n ní oṣù mẹ́rìnlá. Wọ́n gbẹ́ kòtò koríko náà nígbẹ̀yìn, wọ́n sì dí ihò yẹn pa. Wọn kò san owó ògiri tó sán.

Ẹ̀yin aláṣẹ yunifásítì tí ẹ wà níbí, àwòrán kan wà lórí tábìlì yín báyìí tàbí yóò débẹ̀ láìpẹ́. Mo fi ọjọ́ orí mi bẹ̀ yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ wo ibi tí ọfà omi rẹ̀ kọjú sí, kí ẹ sì lọ kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀yin ará àdúgbò, bí ẹ bá rí ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ dúró lẹ́yìn ọgbà yín, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ ní kó fi àwòrán rẹ̀ hàn yín lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì bi í pé: omi ńkọ́?